Ẹni Tó Ń Tọ́ Kòkó Ìyá Àgbà Wò

Ilé wa ní Tudun Wada kò mọ ohun tí à ń pè ní ìdákẹ́jẹ́. Kí àwọn ọkùnrin tó ti ìrun Àsùbá dé ni ọmọrogùn Ìyá Àgbà ti ń lu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, láìpẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ayálégbé ẹ̀yìnkùlé á sì máa ké bí ẹni pé àwọn ló ni ilé. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá wa. Láti Ìlọrin ni wọ́n ti pọn Bàbá wá sí Minna, kòkó jéró, ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ń fi ọkà jéró sè, ni wọ́n sì fi tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n máa ń fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sè é, òórùn rẹ̀ á wọlé wá bá ènìyàn lórí ẹní, á sì fa aṣọ ìbora kúrò lára rẹ̀. Iwájú ilé ni wọ́n ti ń tà á tòun ti àkàrà, gbogbo àdúgbò sì ń pè wọ́n ní Mama Mai Koko, ìyá oníkòkó. Èmi ni mo ń fi aṣọ sẹ́ jéró lílọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi Kàrímù ló ń pọn omi, àmọ́ iṣẹ́ tó wuyì jù lọ, ọwọ́ Bàbá ló wà. Ìyá Àgbà kì í ta kòkó kankan àfi bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n ní obì ti ba ahọ́n àwọn jẹ́, ahọ́n obì kò sì ṣe é fi dájọ́ kòkó. Nítorí náà, lárààárọ̀, wọ́n á bu díẹ̀ sínú abọ́ kékeré kan tó ní òdòdó búlúù létí, wọ́n á fẹ́ ẹ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á gbé e fún Bàbá nídìí ẹ̀rọ. Bàbá á tọ́ ọ wò, á dijú, á ní, "Atalẹ̀ ti pọ̀ jù," tàbí, "Madalla, ẹ máa tà." Ìgbà náà ni ọjà tó ṣí. Èmi tí mo ti jẹ́ alájẹkì láti kékeré máa ń rò ó pé bí mo bá dàgbà, iṣẹ́ yẹn ni mo máa ṣe.

Bí àwọn oníbàárà bá ti ń dín kù, ó kan àwa ọmọdé. Abọ́ tánganran ńlá kan ni wọ́n máa ń bu tiwa sí, a ó sì yí i ká lórí ẹní, èmi, Kàrímù, àbúrò wa Sàkínà, àti àwọn ọmọ ayálégbé tí iye wọn kì í dúró sójú kan, oníkálukú pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Òfin Ìyá Àgbà ni pé ẹnìkan kì í dá jẹun nínú ilé àwọn. Wọ́n á ní, "Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò ní." Wọ́n gbà pé ọmọ tí a bá ń bu oúnjẹ fún lọ́tọ̀ á ya ahun, ojú àwọn tó kù á sì tẹ̀lé oúnjẹ náà dénú ikùn rẹ̀. Òfin náà dára, n kò bá a jà. Àmọ́ ẹni tó bá ti jẹ nínú irú abọ́ bẹ́ẹ̀ rí á mọ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ló ń yó. Kàrímù á ti gbé ṣíbí kẹta mì kí ènìyàn tó parí Bìsìmílà. Sàkínà tó kéré jù á ṣì máa fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí àkọ́kọ́ nígbà tí àwa bá ti ń ha ìdí abọ́. Òfin kejì ni pé ẹran kì í ṣe ti ọmọdé. Ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹran àti ẹyin á jalè, Ìyá Àgbà kò sì fẹ́ bí olè. Abọ́ Bàbá ni ẹran ń lọ, imú ni àwa fi ń jẹ tiwa. Èmi náà ti di ìyá ọmọ ní Maitumbi báyìí, mo sì ń se ẹyin fún àwọn ọmọ mi. Títí di òní, wọn kò tíì jí nǹkan kan àfi fóònù mi.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Sàkínà ń jẹ ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé ìdáná wa, bí òjò bá sì ti kàn án, òórùn tó ń jáde lára rẹ̀ á pe Sàkínà bí ìgbà tí òórùn àkàrà ń pe èmi. Á lọ dúró síbẹ̀, á fi èékánná ha á, á máa lá ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo tọ́ ògiri náà wò lẹ́ẹ̀kan, kò ní adùn kankan. Kò pẹ́ tí ihò kan fi yọ lára ògiri, ibi tí ẹnu rẹ̀ gùn dé gẹ́lẹ́, Kàrímù sì sọ ọ́ ní Jẹgiri. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Ayálégbé kan ní aràn ni, òmíràn ní ọmọ náà kàn fẹ́ràn ilé baba rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kò wá mọ́. Bí a bá ń sáré lé ara wa káàkiri àgbàlá, Sàkínà á bẹ̀rẹ̀ sáré, á jókòó sáàárín ọ̀nà, á máa mí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Ọmọ tó yẹ kó máa yọ gbogbo wa lẹ́nu wá dákẹ́ nínú ilé tí ewúrẹ́ kì í dákẹ́. Màámi, tí wọ́n ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Sabon Gari, ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́jọ́ kan, wọ́n pọn ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n padà dé pẹ̀lú ìdì ọ̀rá pélébé kan, ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ Sàkínà kò tó, pé irin àti síńkì tó yẹ kí ọmọ máa rí nínú oúnjẹ ni kò rí, ìdí nìyẹn tó fi gba ògiri lọ. Ìyá Àgbà gbé ọmọrogùn dúró. "Irin àti síńkì? Haba! Ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ sínú ọmọ mi ni?" Bàbá dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ, "Ilé ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká bá wọn kọ́ ọ." Màámi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rá kan ni lójúmọ́, kí a po ó mọ́ oúnjẹ rẹ̀, àti pé bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá gòkè kí àwọn tó padà lọ, ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n máa gbé e lọ láti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí i lára. Ìyá Àgbà fa Sàkínà mọ́ra nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí, wọ́n sì gba ìdì ọ̀rá náà lọ́wọ́ Màámi, nítorí Màámi máa ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní kùtùkùtù. Inú agolo mílíìkì ni wọ́n kó o sí, wọ́n gbé e sókè àjà. Àwa ọmọdé sọ ìyẹ̀fun náà ní àtíkè Sàkínà. Lárààárọ̀ ni Ìyá Àgbà ń gun àpótí lọ mú un, bí wọ́n sì ti ń bọ̀ ni wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́run. N kò rí i kí wọ́n gbàgbé.

Nígbà tí ọjọ́ àtipadà pé, gbogbo wa la kún inú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, torí Ìyá Àgbà fẹ́ lọ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ fún ara wọn, èmi sì ni mo gbé báàgì. Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Gbagyi, obìnrin sísanra tó ń fi ẹ̀rín sọ Hausa. Ó fa ìsàlẹ̀ ojú Sàkínà wálẹ̀ díẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ibi tó yẹ kó pọ́n ti funfun bí inú àgbọn. Wọ́n gún un níka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

"Ta ló ń po ọ̀rá yẹn fún un?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni," Ìyá Àgbà dáhùn, wọ́n na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ẹ̀bùn. "N kò gbàgbé rí, wallahi."

"To, Mama, báwo lẹ ṣe ń pò ó?"

"Bí ìkòkò bá ti ń hó yaya, mo máa ń dà á sí i, màá rò ó dáadáa. Gbogbo àwọn ọmọ ló ń jẹ nínú ẹ̀. Àwọn oníbàárà mi pàápàá ń jẹ nínú ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Ìkòkò tó tóbi tó báwo?"

Ìyá Àgbà la apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ ọlọ́jà tó sanra.

"Kai, Mama!" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu obìnrin náà, ó fi ìbòrí nu ojú. "Gbogbo Tudun Wada lẹ ti ń tọ́jú láti ìgbà yẹn, ẹ fi Sàkínà sílẹ̀." Ó wá fà mọ́ wọn, ó ṣàlàyé pé abọ́ kan ṣoṣo, abọ́ ọmọ yẹn fúnra rẹ̀, ni wọ́n ṣe ọ̀rá kan fún, pé ooru ìkòkò tó ń hó máa ń pa agbára àwọn èròjà kan nínú rẹ̀, àti pé ìwọ̀nba tó bá wá kan Sàkínà nínú odindi ìkòkò kò ju hóró iyọ̀ kan nínú odò lọ. Ó bi Màámi pé kí ni ọmọ ń mu mọ́ oúnjẹ. Màámi ní bàbá rẹ̀ máa ń ṣẹ́ tíì kù fún un nídìí kọ́ọ̀bù. "Ẹ gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní, "kì í jẹ́ kí irin inú oúnjẹ ráyè wọ ara. Ẹ fún un ní ẹran díẹ̀, ẹja, ẹ̀wà." Ó fún wa ní ìdì ọ̀rá tuntun, ó sì ní ìgbà yìí nìkan ló kù. Bí a bá tún padà wá tí ojú yẹn ṣì funfun, ìwé ilé ìwòsàn ńlá ló máa kọ.

Màámi sunkún nínú kẹ̀kẹ́ láìpariwo. Ìyá Àgbà ni kò sọ ohunkóhun, èyí tó bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ, torí n kò tíì rí kẹ̀kẹ́ tó gbé Ìyá Àgbà tí wọn kò kọ́ awakọ̀ rẹ̀ bí a ṣe ń wà á. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀? Ohun tí a sọ fún wọn ni pé kí wọ́n po ó mọ́ oúnjẹ ọmọ, inú ìkòkò ni oúnjẹ ọmọ wà. Bàbá náà nífẹ̀ẹ́ Sàkínà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í mu tíì rẹ̀ tán. Nígbà tí mo bá ń rántí ilé yẹn lónìí, ohun tí mo máa ń rí ni pé kò sí ẹni tó fi nǹkan du ọmọ náà. Gbogbo wa ló ń fún un ní nǹkan, a kàn ń fún un lọ́nà tiwa ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màámi kò tètè lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bu kòkó Sàkínà sínú abọ́ tirẹ̀, wọ́n po àtíkè rẹ̀ sí i, wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kúrò lọ́dọ̀ tiwa. Gbogbo ọmọ tó wà lórí ẹní dẹ́kun àtijẹun. A wo abọ́ Sàkínà, Sàkínà wo abọ́ wa. Kàrímù bi í léèrè bóyá òun lè tọ́ ọ wò, Màámi gbá a lẹ́yìn ọrùn. Sàkínà bá bú sẹ́kún. Kò mọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi lé e kúrò láàárín ènìyàn. Ó ti abọ́ rẹ̀ dànù, àtíkè àti kòkó ṣàn lórí ilẹ̀, ó rá wá sórí ẹní, ó sì ki ṣíbí bọ abọ́ ńlá. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Kàrímù, ṣé o ti rí i? Kódà òun gan-an mọ̀ pé ènìyàn kì í dá jẹun." Màámi dáhùn, "Ẹ má bínú, Ìyá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú yẹn ò bá pọ́n ńkọ́?" Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí. Wọ́n fa tẹ̀sùbáà yọ, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí tí ìyókù kòkó fi tutù tí àwọn oníbàárà fi lọ ra ti ẹlòmíì. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ tí ọmọrogùn dákẹ́ kó tó yẹ kó dákẹ́. Mo yọjú. Ìyá Àgbà ti bu kòkó sínú abọ́ olódòdó búlúù, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàbá ti pa ẹ̀rọ, wọ́n na ọwọ́ dúró bí ìṣe wọn. Ìyá Àgbà gbé abọ́ kọjá lójú wọn. Wọ́n tú ọ̀rá kan sí i, wọ́n rò ó, wọ́n sì pè: "Sàkínà! Wá bá mi tọ́ kòkó wò, àwọn oníbàárà ti dé." Àbúrò mi wọ́ jáde tòun ti oorun lójú. Wọ́n gbé e jókòó sórí àpótí Bàbá, wọ́n fi ṣíbí lé e lọ́wọ́.

"Báwo ló ṣe rí?"

Sàkínà rò ó. Ó tún bù ú. "Ṣúgà ò tó."

"Tọ́ ọ wò dáadáa," Ìyá Àgbà wí, ojú wọn le koko bí ti adájọ́. "Tọ́ ọ wò dé ìdí abọ́. Ìdí abọ́ ni òótọ́ máa ń wà."

Ó tọ́ ọ wò dé ìdí abọ́. Kàrímù fẹ́ ráhùn pé kí ló dé tí Sàkínà ń dá jẹun, Ìyá Àgbà ní ta ló ń jẹun níbẹ̀? Ṣé ó rí oúnjẹ níbẹ̀? Iṣẹ́ ni ọmọ ń ṣe. Nínú ààwẹ̀ pàápàá, ẹni tó ń se oúnjẹ lè fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́, nígbà wo ni ìtọ́wò wá di oúnjẹ? Bó bá sì wu òun náà kó ṣiṣẹ́, omi kù láti pọn. Kàrímù yẹra kúrò níbẹ̀, torí ní ilé wa, ẹnìkan kì í jowú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Sàkínà wá bá wa lórí ẹní, ó sì bá wa jẹ tiwa. Bàbá ní wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun láìkọ ìwé, àmọ́ mo rí bí wọ́n ṣe ń wo Ìyá Àgbà. Màámi so gèlè wọn, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kọrin.

Nígbà tó yá, ọmọ náà kò ṣe é bá gbé mọ́. Ó sọ pé kòkó ti Mọ́ńdè ta bí ata, ó ní kí wọ́n dín kànáfùrù kù, Ìyá Àgbà sì dín in kù. Àwọn awakẹ̀kẹ́ tí wọ́n máa ń dúró mu kòkó níwájú ilé á máa béèrè pé, "Mai ɗanɗano ta tashi?" wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá atọ́wò ti jí. Ìyá Àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà mọ́ jéró nínú ìkòkò ńlá, wọ́n ní bí nọ́ọ̀sì ò bá jẹ́ kí àwọn fi àtíkè tọ́jú Tudun Wada, àwọn á fi ẹ̀pà tọ́jú wọn. Lórí ọ̀rọ̀ ẹran nìkan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣorí kunkun. Alẹ́ ọjọ́ kan ni Bàbá pín ẹran inú abọ́ wọn sí méjì, wọ́n gbé ìdajì fún Sàkínà. Ìyá Àgbà ní olè ni wọ́n ń kọ́ yẹn. Bàbá ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ lágbára àtisáré. Bó bá wá jalè, a ó lé e mú."

Òjò ńlá kan rọ̀, ògiri ilé ìdáná rin gbingbin, òórùn amọ̀ gba gbogbo àgbàlá. Mo ń wo Sàkínà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, mo gbọ́ tí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ jábọ́ lulẹ̀, Ìyá Àgbà sì figbe ta. Sàkínà ló yọ jáde látinú ilé ìdáná, ẹran wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹran wà ní ẹnu. Ìyá Àgbà gbá tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọmọrogùn. Wọ́n yí kànga ká, wọ́n gba àárín àwọn ewúrẹ́ kọjá, aṣọ tí wọ́n sá wó lulẹ̀, Sàkínà sì ń sá lọ, kò jókòó, kò dúró mí. Àfi bí Ìyá Àgbà ṣe dúró gbagidi sáàárín àgbàlá. Ọmọrogùn bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Bàbá Kàrímù! Jáde wá wò ó! Ó ń sá! Apá mi ò ká a!" Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, omi sì ń dà lójú wọn. Bàbá jáde tòun ti téèpù lọ́rùn, wọ́n wo olè wa tó ti gun orí òkúta lẹ́yìn ilé, tó ń jẹ ẹran. "Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán ká tó lé e," wọ́n ní. Ìgbà tí a padà dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ pọ́n. Ìyá Àgbà kígbe Alhamdulillahi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń sùn níbẹ̀ jí.

Ìyá Àgbà ṣì wà. Wọn kò ta kòkó mọ́, orúkún wọn kò gbà bẹ́ẹ̀, Sàkínà tó ti ń lọ sí yunifásítì ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Láìpẹ́ yìí, oúnjẹ kọ̀, kò wù wọ́n jẹ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń lọ sílẹ̀, kí wọ́n máa jẹun dáadáa. Mo gba kẹ̀kẹ́ láti Maitumbi lọ wò wọ́n láàárọ̀ Sátidé kan. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n kọ ojú sí ògiri. Ṣíbí kan kò tíì kàn wọ́n lẹ́nu láti àná. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a gbé ka iwájú wọn. "Èmi nìkan?" wọ́n ní. "Kí n máa dá jẹun bí ahun? Allah ya kiyaye, Ọlọ́run má jẹ́. Ẹ gbé e kúrò." Ọkàn mi bàjẹ́. Sàkínà kò bẹ̀ wọ́n ní tirẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná lọ, mo gbọ́ ọmọrogùn, mo gbọ́ òórùn atalẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú abọ́ olódòdó búlúù, etí rẹ̀ ti ṣẹ́ báyìí, ó po sóyà àti ẹja lílọ̀ mọ́ kòkó inú rẹ̀, ó sì ń fi ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Mo ní kí ẹ gbé e kúrò," Ìyá Àgbà wí.

"Ta ló ní kí ẹ jẹun?" Sàkínà kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Mo sè é fún àwọn ará ilé ni, n kò sì mọ̀ bóyá ó dára. Ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Ìyá Àgbà wò ó títí. Wọ́n la ẹnu. Wọ́n dijú bí Bàbá ṣe máa ń ṣe nígbà náà.

"Ṣúgà ò tó," wọ́n ní.

"Ẹ tọ́ ọ wò dáadáa, Ìyá Àgbà. Ìdí abọ́ ni òótọ́ wà."

Ẹ̀rín gbọ̀n wọ́n láti inú wá, eyín tó kù lẹ́nu wọn hàn. Wọ́n gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tọ́ ọ wò tán.